Aṣọ Japan tí Ìyá Rẹ̀ Fi Pọ̀n Ọ́n

Nígbà ìjọba sójà, mo jókòó sí ìsọ̀ ìyá aránṣọ kan lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ṣábẹ̀ẹ́, nígbà tí obìnrin olóyún kan tú ògbólógbòó aṣọ Japan kan síwájú rẹ̀.

"Ìyá mi tó kú ló fi pọ̀n mí. Ẹ fi rán ọ̀já ìpọnmọ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ má gé e."

"Àárín rẹ̀ ti ya. Bí mi ò bá gé e, ọmọ á já bọ́ lẹ́yìn rẹ."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá."

"Ẹ̀rù ò bà mí. Wo àwọn ẹyẹ ara rẹ̀, àwọ̀ wọn ò tíì ṣá. Etí rẹ̀ méjèèjì ṣì le dáadáa. Àwọn ni màá rán pọ̀."

Obìnrin náà fọwọ́ pa àwọn ẹyẹ náà lára.

"Ẹ gé e. Mo fẹ́ kí ìyá mi pọn ọmọ yìí náà."

Aránṣọ mú àlùmọ́gàjí. Ó gé àárín tó ya náà kúrò, ó sì to etí méjèèjì pọ̀ láti rán.