Ẹ́ńjìnnì Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Tún Ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ mi, nítorí mi ò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé tí mò ń gbé. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ń sùn ní yàrá kejì, ó ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí ló fẹ́ lọ sí Ìlàjẹ láti lọ máa wa ọkọ̀ èrò lórí omi tó pa bàbá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí yóò gbé sídìí ọkọ̀ náà, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà lẹ́nu mi báyìí tí mo bá sọ tí kò ní lè lọ mọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n sọ ọ́ tàbí kí n gbé e mì.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ọmọ Ìlàjẹ ni ọkọ mi náà. Ọkọ̀ èrò ló ń wà. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, kì í wọ àwọn ibi tó há nínú ẹ́ńjìnnì, nítorí náà èmi ni mo máa ń bá a ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí mo ṣe mọ iṣẹ́ náà nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí jókòó pé òun fẹ́ kọ́ mi. Démọ́lá ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́n ni nígbà tí ìgbì dojú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ dé. Wọ́n rí ọkọ̀ náà, wọ́n rí ẹ́ńjìnnì nídìí rẹ̀, ó pẹ́ kí wọ́n tó rí òun. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo gbé ọmọ mi, mo gbé ẹ́ńjìnnì, mo kó wá sí Èjìgbò ní Èkó lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Ẹ lè bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe níbi tí kò sí omi kankan àfi ti gọ́tà. Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn dé ibi tí ọwọ́ ọkọ mi wà ni. Mo fi àpò ìrẹsì wé e, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé ni mò ń rán, òun ni mo fi tọ́ ọmọ mi.

Démọ́lá dàgbà, ó ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní àgbègbè ilé iṣẹ́ ńlá ńlá Ìsọlọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní iṣẹ́ ò lọ déédéé mọ́, wọ́n dá òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ mi ti yí ojú sí ògiri. Tí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á ní, “Ẹ ṣé, Màámi,” tí mo bá padà dé, oúnjẹ á ti tutù síbẹ̀. Ó dé ibi tí mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí n lè gbọ́ bó ṣe ń mí. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ mọ irú ìbẹ̀rù tí mò ń sọ.

Lọ́jọ́ kan ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ló bá fa àpò yẹn jáde. Ó tú u, ó wò ó títí.

“Màámi, ṣé eléyìí ṣì lè ṣiṣẹ́?”

Mo ní iyọ̀ òkun á ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ó ní kí a ṣáà tú u wò. Mo wo ojú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí mi ò rí níbẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan ló tún tàn. Kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Mo lọ gbé sípánà.

Bí mo bá sọ pé ìgbà yẹn ò dùn mọ́ mi, irọ́ ni mò ń pa. Lójoojúmọ́, tí mo bá ti rán aṣọ tán, a máa tẹ́ bébà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a máa jókòó sí i. Mò ń fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fi bẹntiróò fọ kábúrétọ̀, bí wọ́n ṣe ń ha ìdọ̀tí ẹnu púlọ́ọ̀gì. Òun ń bi mí nípa bàbá rẹ̀, èmi ń dáhùn. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ìyá Bàsírà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa kì í kọjá kó má dá àpárá. Ó ní, “Ìyá Démọ́lá, tí òjò bá tún kún ojúlé wa, ẹ̀yin lẹ máa gbé wa lọ sọ́jà o. Èmi ni kọ̀ńdọ́.” Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Démọ́lá ti sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ní Ìlàjẹ ní ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì, òun sì fẹ́ lọ máa wà á. Mo gbọ́ ọ. Mò ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kí nǹkan náà má jí, ọwọ́ mi ò sì gbà láti ṣe iṣẹ́ jákujàku.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ dán an wò, a gbé e kọ́ ẹnu dúrọ́ọ̀mù omi lẹ́yìnkùlé. Démọ́lá fa okùn títí, ló bá dáhùn lójijì. Èéfín bo gbogbo ilé, àwọn aládùúgbò jáde, Ìyá Bàsírà ń pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ máa tọ̀, ìyẹn ni pé omi gbọ́dọ̀ máa tú jáde láti ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi yẹn ló ń tù ú lára kó má baà gbóná jù. Eléyìí ò tọ̀. Tí mo bá pa ẹnu mi mọ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i, á jóná mọ́ra, kò sí ẹni tó máa tún un ṣe mọ́ láyé, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ pé èmi ni. Ohun tí mò ń gbàdúrà fún dé síwájú mi. Mo wo ọmọ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun nínú èéfín.

Mo ní, “Pa á. Kò tọ̀.”

Ó pa á. A tú ìdí rẹ̀, a rí i pé rọ́bà tó ń fa omi sókè ti gbẹ. Ó lọ wá òmíràn ní Òṣòdì. Nígbà tí a tún fà á, omi náà ń tú jáde bí ọmọ tó ti ń mú ìtọ̀ mọ́ra tipẹ́. Démọ́lá dì mọ́ mi tòun ti epo lọ́wọ́, ó ní, “Ọ̀gá mi.”

Ó pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí n lè gbọ́. Bàbá náà bi í pé ta ló tún un ṣe. Ó ní òun àti ìyá òun ni. Bàbá náà wá kọjú ọ̀rọ̀ sí mi.

“Ìyàwó wa, o mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé. Ẹni tó bá tún un ṣe ni yóò kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀ kí èrò tó wọ̀ ọ́. Tí o ò bá wọ̀ ọ́, mi ò ní gbé ọkọ̀ mi fún un.”

Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, kí atúnṣe má baà fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ṣeré. Mo ti gbàgbé, tàbí kẹ̀, mo fẹ́ gbàgbé. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, mi ò tíì fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi. Tí mo bá ń kọjá lórí afárá tó gba orí ọ̀sà, ojú mi máa ń wà ní dídì ni.

Nítorí náà, tí mo bá ní n ò lọ, ọmọ mi ò lè wa ọkọ̀. Á dúró tì mí ní Èjìgbò. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe máa dúró, ṣebí mo ti gbọ́ irú mímí yẹn rí. Tí mo bá sì lọ, èmi ìyá rẹ̀ ni mo jókòó sínú ọkọ̀, tí mo fi ara mi ṣe ẹ̀rí pé kó máa lọ. Èwo ni ìyá ń yàn nínú méjèèjì?

Démọ́lá kò fúngun mọ́ mi. Lọ́sàn-án òní ló wọlé wá bá mi nídìí ẹ̀rọ, ó ní, “Màámi, tí ẹ ò bá lè lọ, mi ò ní bínú sí yín.” Ó wá fa jákẹ́ẹ̀tì kan yọ nínú ọ̀rá, irú èyí tí wọ́n ń wọ̀ kéèyàn má baà rì. Ẹyọ kan ló rà. Tèmi ni. Mo bi í pé tirẹ̀ ńkọ́, ó ní tó bá yá.

Mo ti wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí, ó bá mi mu. Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ, àbí kí n jókòó? Bí ẹ bá sì máa ní kí n lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi bí ìyá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.