Orúkọ Tí Mo Já Gbà Lẹ́nu Àlejò

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Àwọn tó mọ̀ mí ní Simawa gan-an, tí mo bá ní ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n á kọ́kọ́ yọjú síta wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣàwàdà lónìí. Ọkọ̀ onígbòkun kan, irú tí atẹ́gùn ń tì lórí òkun, jókòó sáàárín oko ẹ̀gẹ́ ní Simawa wa yìí fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú mi. Ǹ bá má sọ ọ́ títí láé, àmọ́ ẹni tó ni ọkọ̀ náà ti padà dé sí Èkó, ó sì ń bọ̀ wá kí wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Òyìnbó ni, Ẹ́ríkì lorúkọ rẹ̀. Ó ń fi ọkọ̀ náà yí ayé ká ni ìtì igi kan fi dá a lu lábẹ́, lórí ọ̀sà nítòsí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n júwe Bàbá Tọ́lá fún un, káfíńtà tó ti kan ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́ nígbà èwe rẹ̀, kó tó wá dáko sọ́dọ̀ wa. Bàbá ní ara òun ò gba ìrìnàjò mọ́, ẹni tó bá fẹ́ kóun tún ọkọ̀ ṣe, kó gbé e wá. Ẹ́ríkì fi tírélà gbé e wá lóòótọ́.

Èmi tíṣà ni mo di ògbufọ̀ wọn. Ẹ̀fẹ̀ ò sì lè ṣe kó má yọ lẹ́nu mi. Mo sọ fún un pé alángbá tó bá mi orí sí i, ó ń kí i ni, kó máa dá a lóhùn. Òyìnbó á dúró lójú ọ̀nà: "Ẹ káàárọ̀ o, sà!" Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín títí wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Nígbà tó mọ̀ pé mo tan òun, òun náà rẹ́rìn-ín, kò sì torí ìyẹn yéé gbà mí gbọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ó ń fá igi pẹ̀lú Bàbá, ó ń bá wọn jẹ ìkọ́kọrẹ́ nínú abọ́ kan náà. Bàbá sọ ọ́ ní Àjàní. Nígbà tí Tọ́lá, ọmọ Bàbá, ń rọbí, Ẹ́ríkì ló sáré wá mọ́tò tó gbé e dé ọsibítù. Ó bí obìnrin. Bàbá ní, "Àjàní ló máa kọ́kọ́ sọ ọmọ yìí lórúkọ. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi. Ó dùn mí. Èmi tí mo kọ́ Tọ́lá ní A, B, D. Èmi tí mo ń bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ wo ojú mi.

Tírélà ti gbé ọkọ̀ padà sí Ẹ̀pẹ́ nígbà yẹn, ìsọmọlórúkọ nìkan ló dá Ẹ́ríkì dúró. Ó bi mí pé kí ló yẹ kóun mú dání. Mo ní, "Má lọ rárá. Wọ́n kàn fi pọ́n ẹ lé ni. Tí ẹni tó ń lọ sójú òkun bá sọ ọmọ lórúkọ níbí, ọkàn ìyá ọmọ kì í balẹ̀ mọ́. Ńṣe ni kó o lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, má dágbére."

Irọ́ ni. Kò sí irú àṣà bẹ́ẹ̀ ní Rẹ́mọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ kún fómi, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, omi, oyin àti iyọ̀ wà nílẹ̀, a ń wọ̀nà títí oòrùn fi ta gan-an. Bàbá ní, "Ó rí wa fín." Ó wá kọjú sí mi: "Tíṣà, wá bá wa sọ ọ́." Mo pè é ní Ìfẹ́dàpọ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn gan-an.

Láti ìgbà náà, Bàbá ò gbọ́dọ̀ gbọ́ orúkọ Àjàní létí. Ẹ́ríkì kò sì yéé fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Bá mi kí Bàbá." Èmi á fèsì pé, "Bàbá ń kí ẹ." Mi ò jíṣẹ́ náà rí.

Nígbà tó wá ní òun ń bọ̀, mo mọ̀ pé Bàbá á lé e lẹ́nu ọ̀nà. Mo lọ bá Bàbá nírọ̀lẹ́ àná. Ó ń fá pákó ilẹ̀kùn kan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ó gbé ìfági rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ó ń kí wa ní gbogbo ìgbà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó gbọn èérún igi kúrò lára, ó wọlé lọ. Kò ní kí n dìde.

Láàárọ̀ yìí, Tọ́lá wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Tọ́lá tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi láti kékeré, ìdúró ló wà.

"Tíṣà, Bàbá ní kí ẹ wá sílé kó tó di Sọ́ńdè. Wọ́n ní kí ẹ wá gba orúkọ yín kúrò lára ọmọ mi, kí ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ lè sọ ọ́."

Ó yí padà, ó ń lọ.

Ọmọ náà ti ń lọ síléèwé. Orúkọ yẹn ló ń jẹ́, òun ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń ka èyí, tí mo bá débẹ̀, tó sáré wá bá mi, kí ni kí n pè é?