Òyìnbó Méjì, Agogo Kan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Túsìdeè tó kọjá, ìdí mi ò gbélẹ̀. Bí mo bá gbé ọbẹ̀ kaná, á jóná. Bí oníbàárà bá béèrè iye aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi, mà á ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó tún un wí. Ọkọ mi ò bá mi jà, ara ọmọ ò sì gbóná, àmọ́ ìgbéyàwó Fúnkẹ́, àkọ́bí wa, ku ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá rẹ̀ sì ti ní òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é. Ta ni yóò wá fa ọmọ náà lé ọkọ lọ́wọ́?

Ọkọ mi ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iléṣà níbí láti ìgbà tí mo ti lóyún Fúnkẹ́. Fúnra rẹ̀ ló ń lọ ẹ̀wù akọrin rẹ̀, ó ní èmi ò mọ̀ ọ́n lọ̀! Kò pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni pásítọ̀ òyìnbó kan dé sí wa, ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ta gìtá. Èèyàn dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí ló dé tó jẹ́ orin ìlú àwọn bàbá òun nìkan la fi ń sin Ọlọ́run, ṣé àwa ò ní tiwa ni? Ó ní ká kó agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé, kí òun máa ta gìtá sí i, kí dùùrù máa gbè é lẹ́sẹ̀. Fúnkẹ́ tèmi ló fi ṣe olórí àwọn tó ń dá orin náà. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, èmi náà jó, kí n má tàn yín. Ọkọ mi pa dùùrù dé, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò, ó wá sílé. Kò tún bá wa jọ́sìn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ má tíì pè é ní olóríkunkun. Bàbá rẹ̀, tó ń ṣoko obì lọ́nà Iwaraja, ló kọ́kọ́ gbé agogo wọ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn láyé ọjọ́un. Òyìnbó tó wà níbẹ̀ nígbà náà ní nǹkan òrìṣà ni, ó sì yọ bàbá nídìí tábìlì Olúwa títí yóò fi jù ú sódò. Ojú fèrèsé ni bàbá ń dúró sí tí àwọn yòókù bá ń jẹ ara Olúwa, ọkọ mi, ọmọdé, á sì dúró tì í. Nígbà tó yá, bàbá ní òun ti jù ú nù. Ó wá fi owó obì kọ́ ọmọ rẹ̀ ní dùùrù, ó ní ohun tí Ọlọ́run fẹ́ nìyẹn. Ṣé ẹ wá rí i?

Nígbà tí pásítọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ nílé, ohun tí ọkọ mi sọ fún un kò ju èyí lọ: "Òyìnbó àkọ́kọ́ ní ká jù ú nù, a jù ú nù. Ẹ̀yin wá ní ká lọ mú un wá. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni Ọlọ́run rán?" Ojú ọmọkùnrin náà pọ́n. Ó ní òun ń bá ẹni ìṣáájú tọrọ àforíjì. Ọkọ mi ní ẹni tó ṣẹ̀ kọ́ ló ń bẹ̀bẹ̀, ẹni tí wọ́n sì ṣẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí ìyá ọkọ mi tó kú, ó fún mi ní nǹkan kan tó wé sínú ìrépé aṣọ. Agogo náà ni! Bàbá ò jù ú nù rárá. Ó kàn tì í bọ omi ni, ó sì gbé e padà sílé lábẹ́ aṣọ, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Ìyá ní kí n fún ọkọ mi lọ́jọ́ tí mo bá rí i pé ó nílò rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí ni mo ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Nítorí ìgbéyàwó yìí ni mo ṣe gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, tí mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Mo rò pé á sunkún ni.

"Ta ló tún mọ̀?"

Mo ní èmi nìkan ni. Ó gbé e, ó wọ yàrá lọ, kò tún mẹ́nu bà á mọ́.

Àfi ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè tó kàn mí láti gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni mo gbọ́ agogo nínú ilé Ọlọ́run, níbi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà lákòókò yẹn. Á dún díẹ̀, á dákẹ́, dùùrù á sì dá a lóhùn. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọkọ mi ni, òun nìkan, ó ń kọ orin tí bàbá rẹ̀ máa ń dá, èyí tó ti ń sọ fún wa pé òun ti gbàgbé. Mo rọra gbé ìgbálẹ̀ mi, mo padà. Nígbà tó dé, ó ní òun lọ kí ọ̀rẹ́ òun. Mo wá bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ó ní ẹnu òun ò yẹ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá sọ pé mo rí i, ìtìjú lè mú kó ti ilẹ̀kùn yẹn pa títí láé. Bí mo bá sì dákẹ́, ọmọ mi á rìn lọ síwájú pẹpẹ bí ẹni tí ò ní baba. Lánàá, ó tún wọ agbádá, ó ní òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun. Mo wo àpò rẹ̀ tó wú gọngọ. Mo ní kó bá mi kí wọn.