Wọ́n Ní Kí N Sọ Pé Irọ́ Ni Mo Kọ́ Wọn

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wulẹ̀ ní kí n jẹun. Ẹ ní kí n ṣe sùúrù? Sùúrù wo ló kù tí mi ò tíì ṣe! Níwájú gbogbo ilé-ìwé, níwájú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, ni ọ̀gá wa ti ní kí n fi ẹnu ara mi sọ pé irọ́ ni mo pa!

Kí ni mo ṣe? Iṣẹ́ tí ìjọba ní ká kọ́ wọn náà ni mo kọ́ wọn. Mo ní èéfín ọkọ̀, èéfín jẹnẹrétọ̀, igi tá à ń gé láìgbin òmíràn, àwọn ló ń mú ayé gbóná, tí òjò fi ń rọ̀ ní ìrọ̀kurọ̀ báyìí. Ọmọbìnrin kan tí ilé wọn wà létí odò wá nawọ́, ó ní, "Àǹtí, ṣé omi máa wọ ilé wa?" Ṣé kí n purọ́ fún un ni? Mo ní ó lè wọ̀ ọ́, pé ìdí nìyẹn tá a fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin igi, tí a ò fi gbọdọ̀ da ilẹ̀ sí gọ́tà. Ó tán! Ọmọ délé, kò sùn. Ilẹ̀ mọ́, bàbá rẹ̀ ya wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, ó ní mo ń ṣépè fún ilé òun.

Ọlọ́run gbọ́, mo sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, irọ́ ni, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀." Ojú ò tì mí, inú ò bí mi, ẹkún ò wá, àfi bíi pé ẹlòmíràn ló ń lo ẹnu mi. Ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Inú ẹ̀ dùn, ẹ̀gbọ́n mi!

Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́. Òjò àárọ̀ yìí, ṣebí ẹ̀yin náà rí i? Omi ya wọ kíláàsì wa. Àwọn ọmọ gun orí tábìlì, bàtà ń léfòó kiri. Ọ̀gá ká ṣòkòtò sókè, ó wọlé wá, ó ní, "Tíṣà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n." Èmi kẹ̀! Kí n tún sọ kí ni? Ọmọ yẹn bá wò mí láti orí tábìlì, ó ní, "Àǹtí, èwo ni ká gbà gbọ́ nínú ohun tẹ́ ẹ sọ?"

Mi ò tiẹ̀ lè bi í pé ilé wọn ńkọ́. Mo kàn ń wo omi. Títí di ìsinsìnyí tí mo jókòó tì yín, bí igi ni gbogbo ara mi rí.

Rárá o, ẹ má bá mi bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ dìde, ẹ bá mi lọ sílé ọ̀gá ni. Kó dúró níbi tó mú mi dúró sí, kó fi ẹnu ara rẹ̀ dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó wá mú ṣọ́ọ̀kì, kó máa kọ́ wọn fúnra rẹ̀!