Lẹ́tà Hàwáù Tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ̀yin ará abúlé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí ẹnu mi ṣì ń gbọ́ tèmi. Kíndìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́, dókítà kò sì tàn mí mọ́. Èmi Ṣàfíù, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlera yín, tí ẹ ń pè ní olóòótọ́, èké ni mí.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìjọba ní àwọn yóò fi kún owó oṣù agbẹ̀bí tó bá jẹ́ ọmọ abúlé, àwọn yóò sì fún un nílé, bí ó bá ti lè máa gbé ibẹ̀. Nínú àwọn ọmọ wa tó kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí, Hàwáù ló yege jù. Èmi ni mo máa ń bá gbogbo abúlé gba lẹ́tà ní káńsù ní Jóbẹ̀lẹ́, ọwọ́ mi ni tirẹ̀ bọ́ sí. Mo kà á tán, mo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ẹní ìkírun mi. Ẹ gbọ́ o, ẹní ìkírun! Nígbà tí ó wá bèèrè, mo ní, "Wọn ò mú ọ, ọmọ mi. Mo gbìyànjú títí." Ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, bàbá. Ọlọ́run á san yín lẹ́san." Ó kó lọ sí Ìbàdàn. Mo wá kọ̀wé sí káńsù pé kò fẹ́ iṣẹ́ náà mọ́, kí wọ́n mú Tahirah, ọmọ mi, tó ṣe ipò kejì.

Ọ̀yọ́ ni Tahirah ń gbé. Ọjọ́ ọjà nìkan ló ń yọjú. "Bàbá, ta ni yóò máa sùn níbi tí kò síná?" Oṣooṣù ni mò ń fọwọ́ sí i pé inú ilé tí ìjọba fún un ló ń sùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àlàkẹ́, àbúrò Hàwáù, ń rọbí. Ṣùkúrù, ọkọ rẹ̀, kan ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn títí, kò sẹ́ni. Ó sáré wá bá mi: "Bàbá, níbo ni nọ́ọ̀sì wà?" Mo mọ̀ pé Ọ̀yọ́ ló wà. Mo ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, kí wọ́n dúró dè é. Ẹ̀rù bà mí pé àṣírí á tú, n kò sọ pé kí wọ́n tètè máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Fìdítì. Wọ́n dúró títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń gbé e lọ, orí ọ̀kadà ló kú sí, tìyá-tọmọ. Èmi ni mo pa wọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ má jẹ ẹ́.

Hàwáù, n kò ní kí o forí jì mí lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé mi síwájú láti kírun sí mi lára, tí ààfáà bá bèèrè ẹni tí mo ṣẹ̀, ẹ má ṣe pariwo pé ẹ ti forí jì mí bí a ti máa ń ṣe. Ẹ dákẹ́, kí Hàwáù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.