Ìlà Tó Wà Lára Ogún Pẹ́séwà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mo ba ọmọkùnrin kan lórúkọ jẹ́, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ọmọ náà ló ránṣẹ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohun tó ní kí n bá òun ṣe ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Lagos Town ní Accra níbí ni wọ́n bí mi sí. Aago ni mò ń tún ṣe ní Circle, oríta ọlọ́jà tó wà láàárín ìlú, mo sì máa ń ra owó ẹyọ tó ṣàjèjì, mo ń tà á fún àwọn tó ń kó o jọ. Nítorí gíláàsì kékeré tí mo máa ń fi sójú, ẹni tó bá ti rí owó ẹyọ tó rí ségesège, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e wá. Ọ̀pọ̀ jù kì í ṣe nǹkan kan. Òmíì ti gbó, òmíì mọ́tò ti gun orí ẹ̀, òmíì ẹnì kan fi òòlù lù ú. Èyí tó jẹ́ pé àṣìṣe ti wọ̀ ọ́ níbi tí wọ́n ti rọ ọ́ ṣọ̀wọ́n, òun sì ni wọ́n ń wá.

Mùtíù wà ní tábìlì kejì sí tèmi. Fóònù ló ń tún ṣe. Ìyá ẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ọlọ́ṣẹ, ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá àyè fún un níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n fún un ní ṣéńjì nínú trotro, ìyẹn bọ́ọ̀sì èrò, owó ẹyọ ogún pẹ́séwà kan wà níbẹ̀. Ìlà tín-ín-rín kan gba àárín àwòrán kòkó tó wà lára ẹ̀ kọjá dé etí. Tíṣà àgbà kan tó jẹ́ oníbàárà mi rí i lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì fẹ́ rà á. Kí n má purọ́, inú bí mi. Látìgbà tí sídì, owó ilẹ̀ Gánà, ṣì ní òdo rẹpẹtẹ ni mo ti ń wo owó ẹyọ, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ ló wá bọ́ sí lọ́wọ́.

Tíṣà ní kí n bá òun wò ó. Mi ò fi ìṣẹ́jú kan wò ó. Ìlà náà yọ sókè, kò jìn wọnú. Bí èèyàn bá fi ọ̀bẹ ha owó, kòtò ló máa rí. Bí ìlà bá yọ sókè, ó lè jẹ́ pé irin òǹtẹ̀ tí wọ́n fi tẹ owó náà ló sán, tí ara owó wá kún ibi tó sán. Mo mọ èyí. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni Mùtíù ń jó lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ wáyà, sára fóònù. Mo bá sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn pé lẹ́ẹ̀dì ni, pé ó jó o mọ́ ọn ni.

Tíṣà dá owó náà padà, ó bá tiẹ̀ lọ. Mùtíù ní, "Bọ̀dá, ẹ tún un wò." Mi ò tún un wò.

Ẹ jọ̀ọ́, títí dé ibí yìí, mo lè ní mo ṣì í ni. Èyí tó kù kì í ṣe àṣìṣe.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo ń wá ṣéńjì nínú owó tí ìyàwó mi mú tọjà bọ̀. Mo rí ogún pẹ́séwà mìíràn. Ìlà kan náà, ojú ibì kan náà. Mo jókòó. Ohun tó bá ṣèèṣì ba owó kan jẹ́ kì í ba méjì jẹ́ báyẹn. Òǹtẹ̀ tó sán nìkan ló lè fi àpá kan náà sára owó kan tẹ̀ lé òmíràn. Mùtíù kò jó nǹkan kan.

Mo wé owó náà sínú bébà, mo tì í sísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ mi.

Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti kárí Circle. Àwọn èèyàn ń sọ pé ẹni tó lè ṣe ayédèrú owó, kí ló kù tí kò ní fi sínú fóònù àwọn? Kò ríṣẹ́ gbà mọ́. Màmá Ọlọ́ṣẹ gbọ́, ó wá sílé mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní ohun tí mo bá sọ lòun máa gbà, torí mi ò purọ́ fún òun rí. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ lọmọ mi ṣe é?"

Mo ní, "Lẹ́ẹ̀dì ni, Màmá."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kí oṣù tó parí, Mùtíù ti lọ sí Kumasi. Ó máa ń wá lọ́dún Iléyá. Ìyá ẹ̀ ń fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó sùn nílé òun, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní òun ò mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó níbẹ̀. Mo ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mò ń yà kí màmá náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń ra nǹkan lọ, mi ò sọ̀rọ̀. Ìtìjú ni. Mo rò pé bí mo bá jẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa gbé owó wá fún mi wò mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá pè mí. Ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n fẹ́ so yìgì fún àbúrò Mùtíù obìnrin. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ìwọ ni kó o jókòó sí àyè ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Mi ò lè fi Mùtíù síbẹ̀ níwájú àwọn àna." Mo ní mo ti gbọ́.

Láàárọ̀ àná, mo pe Mùtíù. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó bi mí pé ṣé kò sí nǹkan tó ṣe Màmá. Mo ní kò sí. Ó ní, "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ ń bá mi tọ́jú wọn, Bọ̀dá." Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù.

Yìgì náà ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí mo bá sọ fún Màmá, ọjọ́ ogbó ló máa wá mọ̀ pé torí irọ́ mi lòun ṣe lé ọmọ òun jìnnà, ẹ̀rù ìyẹn sì ń bà mí. Bí mo bá dákẹ́, mo máa lọ jókòó lórí àga Mùtíù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún nínú àwọn méjèèjì? Ẹ má bá mi wá àwáwí. Ẹ sáà sọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀.