Díísù Aláwọ̀ Ewé Tó Wà Nínú Jíìpù Fergal

Jókòó, Fergal. Nọ́ọ̀sì ní mi ò lè ré kọjá ọ̀sẹ̀ yìí. Bí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, ilẹ̀ ni yóò gbọ́ ọ, ilẹ̀ ò sì ní lè sọ ọ́ fún ọ.

Ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn abà mi kọjá ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa: o ní o lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbà á, mo ní ilẹ̀ mi ni. Lọ́jọ́ tí adájọ́ dá ọ láre, mo lọ sílé, mo jẹ ọ̀dùnkún mi, mo sùn. Ìbínú tó bá ń pariwo ṣeé sá fún. Tèmi ò pariwo.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí gbogbo yín wà ní Mísà, mo bu epo díísù aláwọ̀ ewé nínú katakata mi. O mọ òfin: torí iṣẹ́ oko nìkan ni ìjọba ṣe dín owó orí epo náà kù, wọ́n sì fi àwọ̀ ewé sí i kí wọ́n lè dá a mọ̀; ọkọ̀ títì kò gbọdọ̀ mu ún. Mo rọ ọ́ sínú jíìpù rẹ. Ajá rẹ mọ̀ mí, ó ń ju ìrù. Lẹ́yìn náà mo fóònù àwọn agbowó-orí, mi ò dárúkọ ara mi.

Lẹ́nu ọjà màlúù, àwọn agbowó-orí ki rọ́bà bọ inú táǹkì rẹ, ohun tó jáde dà bí koríko tútù. O ń pariwo pé, “Mo fi sàréè ìyá mi búra, mi ò da irú epo yìí síbẹ̀ rí!” Packie alágùntàn ní, “Fergal, ṣé jíìpù ẹ ti di katakata ni? Wá bá mi túlẹ̀ lọ́la!” Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn agbowó-orí wọ́ jíìpù rẹ lọ.

Bó bá mọ níbẹ̀, mi ò bá tí ránṣẹ́ pè ọ́. Lọ́jọ́ kejì o wá bá mi nínú abà, ojú rẹ pọ́n. O ní, “Malachy, a ò rẹ́, ṣùgbọ́n o kì í parọ́. Donal ọmọ mi ló ń wa ọkọ̀ yẹn lọ sóde ijó. Ṣé o rí i nídìí táǹkì?” Mò ń fún wàrà lọ́wọ́. Mi ò dáwọ́ dúró. Mo ní, “Mo rí i pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì.”

O pe ọmọ náà ní olè lójú ìyá rẹ̀. Ó ní, “Dádì, bẹ́ ẹ bá gba Malachy gbọ́ jù mí lọ, ẹ kúkú fi í ṣọmọ.” Ó kọjá sí Australia. Nígbà tí Attracta ìyàwó rẹ kú, kò wá. Èmi wà lára àwọn tó gbé pósí. Ó wúwo díẹ̀. Ohun tí mo rántí nìyẹn.

Láti ìgbà tí o ti wọlé ni mo ti ń wá omijé. Kò sí.

Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Fóònù wà lórí tábìlì yẹn. Pe Donal. Bó bá gbé e, má sọ nǹkan kan. Gbé e sí mi létí.